OÚNJẸ ṢÁÍNÀ WỌLÉ, ỌGBỌ́N RẸ̀ DÚRÓ SÍTA

Fúráìdì ráìsì àti sàláàdì kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, omi àti àkókò ni ká ṣọ́

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì di irọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bi ara yín léèrè: ìgbà wo lẹ lọ síbi fúrídọ́ọ̀mù kẹ́yìn tí wọn ò gbé fúráìdì ráìsì síwájú àlejò? Kò sí mọ́ o! Ì báà jẹ́ télọ̀ ló ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìkómọ, ì báà jẹ́ òkú àgbà, ìrẹsì tí wọ́n fi kọ́rì dín, tí kárọ́ọ̀tì ń yọjú nínú ẹ̀, gbọ́dọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni sàláàdì máa wà, kábéèjì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n da kíríìmù funfun lé lórí. Ẹni tí wọn ò bá bu tiẹ̀ fún, ìjà dé nìyẹn.

Kò sì mọ sóde àríyá mọ́. Ó ti wọ inú ilé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí ìyá bá ṣe ń tú gèlè lórí báyìí làwọn ọmọ á ti yí i ká pé àmàlà ti sú àwọn, fúráìdì ráìsì làwọn fẹ́. Bàbá náà á máa wo àwòrán lójú ọ̀nà, kò ní wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun náà ń dúró dè é.

Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Oúnjẹ ti ń rìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àgbàdo tá a fi ń ṣe ògì, gbágùúdá tá a fi ń ṣe gàárì, àní ata rodo tá ò lè jẹun láìsí i, òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo gbágùúdá dáadáa. Oró wà nínú ẹ̀. Nígbà tó dé, àwọn ìyá wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń rin ín, bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án. Oúnjẹ wọlé, ọgbọ́n rẹ̀ bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí gàárì fi ń bọ́ wa, tí kò pa wá.

Ti oúnjẹ ilẹ̀ Éṣíà tó ń wọlé lóde òní ò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ti wọ yàrá, ọgbọ́n rẹ̀ ṣì wà níta tó ń kanlẹ̀kùn. Ohun tó ń fa inú rírun, èébì àti owó tó ń ṣòfò nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn fún ọgbọ́n ọ̀hún lónìí.

IBI TÍ WỌ́N TI GBÉ E WÁ

Àwọn ará Ṣáínà ló ni ìrẹsì díndín. Ìlú kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yangzhou, òkìkí ìrẹsì díndín ibẹ̀ kàn káàkiri ayé. Tiwọn ò ní kọ́rì. Ìrẹsì tó ti tutù ni wọ́n máa ń dà sínú agbada gbígbóná, pẹ̀lú ẹyin, àlùbọ́sà eléwé, edé àti ẹran. Wọn kì í pẹ́ lórí iná. Bí iná bá ṣe ń jó fòò ni wọ́n á máa rò ó kíákíá, ó parí.

Àwọn ará Indonéṣíà náà ní tiwọn, nasi goreng ni wọ́n ń pè é. Tiwọn dúdú díẹ̀, torí sọ́ọ̀sì sóyà aládùn tí wọ́n ń fi sí i. Wọ́n tún máa ń fi edé tí wọ́n ti mú kó kan, tí wọ́n gún di lẹ́ẹ̀, sínú ẹ̀. Ẹ máa rántí lẹ́ẹ̀ edé yìí o, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Kọ́rì tí àwa ń fi sí tiwa, ọ̀nà míì ló gbà dé. Àwọn ará Íńdíà ni wọ́n ń lọ ata àti èròjà olóòórùn dídùn pọ̀ fún ọbẹ̀, oríṣiríṣi sì ni wọ́n ń pò. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣèjọba lé wọn lórí ló wá sọ gbogbo ẹ̀ di ìyẹ̀fun kan ṣoṣo nínú agolo. Ohun tó ń fún un láwọ̀ ìyeyè yẹn, ata ilẹ̀ pupa ni, èyí táwọn ìyá míì ń pè ní àjó, ó sì wà lọ́jà wa.

Sàláàdì ńkọ́? Ọwọ́ Òyìnbó la ti gbà á. Kíríìmù tá à ń dà lé e lórí, ọdún 1914 ni ilé iṣẹ́ Heinz kọ́kọ́ gbé e jáde nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tiwa, púpọ̀ nínú wọn ló ń ti apá Jos àti òkè Ọya wá, nítorí wọ́n fẹ́ràn ibi tó tutù. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 12 l'Ékòó àtàwọn ọjà ńlá míì. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Ẹni tó bá ra létúùsì lọ́jà, kó máa rò ó pé ó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mélòó kó tó dé ọwọ́ òun.

ADÙN TÍ WỌ́N Ń WÁ LỌ SÍ SÓKÓTÓ

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí oúnjẹ Ṣáínà yóò bá dùn, àfi kéèyàn ra ìgò mẹ́ta àti sáṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Irọ́ ńlá ni! Ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe rí.

Lọ́dún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, Kikunae Ikeda lorúkọ ẹ̀, ṣèwádìí lórí omi ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ewéko inú òkun sè nílẹ̀ wọn. Adùn kan wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe ti iyọ̀, tí kì í ṣe ti ṣúgà, tí kò kan, tí kò sì korò. Ó rí ohun tó ń fà á: gulutaméètì ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1909, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fáráyé. Ajinomoto ni wọ́n pè é, orísun adùn lorúkọ náà túmọ̀ sí lédè wọn. Horo funfun wínníwínní yẹn náà tó wà lórí igbá àwọn aláta wa ni.

Wàyí o, ẹ jókòó dáadáa. Gulutaméètì tí Ikeda rí nínú ewéko òkun, ó wà nínú irú wa. Ó wà nínú tòmátò tó pọ́n. Ó wà nínú omi ẹran. Ohun tá à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò!

Ìyá tó ń ṣe irú mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Á se èso igbá látàárọ̀ dalẹ́, á gún un, á fọ èèpo rẹ̀ kúrò, á tún un sè, á wá bò ó mọ́lẹ̀ síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lábẹ́ ìbora yẹn, kòkòrò àìfojúrí kan ń ṣiṣẹ́. Bacillus subtilis lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Òun ló ń tú ara èso náà palẹ̀ tí adùn fi ń jáde. Àwọn ará Jàpáànù ní oúnjẹ kan tó ń jẹ́ natto, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń fà bí ilá, òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí àlejò sún mọ́ ọn. Kòkòrò kan náà ló ń ṣe é! Irú àti natto, ẹbí ni wọ́n, òkun ló pín wọn níyà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tijú irú torí pé àlejò ńbẹ nílé, kó yéé tijú. Ohun tí ará Tokyo ń jẹ pẹ̀lú ìrẹsì láàárọ̀, àbúrò irú ni.

ṢÉ AJINOMOTO Ń PANI?

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan ní wọ́n fi ń fọ aṣọ, àwọn kan ní ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ibi tí ìbẹ̀rù ọ̀hún ti gbalẹ̀ ni pé lọ́dún 1968, dókítà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn l'Ámẹ́ríkà pé bí òun bá ti jẹun nílé oúnjẹ Ṣáínà, ẹ̀yìn ọrùn òun á kú tipiri, àyà òun á sì máa lù. Kò sọ pé ohun báyìí ló fà á, ó kàn ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n ariwo gba ìgboro. Látìgbà náà làwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ oúnjẹ àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ ní àwọn ò rí ìdí tó fi yẹ káwọn fi òté sí ìwọ̀n téèyàn lè jẹ lóòjọ́. Àwọn kan wà tí orí lè fọ́ díẹ̀ bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lájẹjù láìjẹ oúnjẹ míì mọ́ ọn, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù gan-an, a ò bẹ̀rù ẹ̀. Iyọ̀ ni! Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí tá à ń fọ́ sọ́bẹ̀. Sọ́ọ̀sì sóyà dúdú tó wà nínú ìgò, ṣíbí ìjẹun kan péré nínú ẹ̀ ní iyọ̀ tó ju gíráàmù 2 lọ. Bẹ́ẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: ìyàwó ilé fi iyọ̀ sí omi ẹran, ó fọ́ mágí mẹ́rin, ó da sọ́ọ̀sì ṣíbí mẹ́ta, ó tún wọ́n iyọ̀ sí i níkẹyìn torí pé kò tíì dùn tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò ní í wá láti ibòmíràn o! Bí sọ́ọ̀sì bá ti wọ inú oúnjẹ, kí iyọ̀ jókòó. Bí mágí bá ti wọ̀ ọ́, kí sọ́ọ̀sì dín.

ÌRẸSÌ ÀNÁ, ÈÉBÌ ÒNÍ

Ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn ọmọ yín kí wọ́n gbọ́.

Kòkòrò Bacillus tó ń ṣe irú, ó ní ọmọ ìyá kan tó jẹ́ ìkà. Bacillus cereus lorúkọ tiẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wálé láti oko. Bí ẹ bá se ìrẹsì, á sá pamọ́ sínú èèpo líle kan tí omi híhó ò lè pa. Bí ìrẹsì bá wá wà nílẹ̀ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, á sì máa tu oró sínú oúnjẹ. Oró yìí ò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá tún ìrẹsì náà gbé kaná, oró ọ̀hún ò kú. Ẹ lè gbé e kaná títí á fi jóná mọ́ ìdí ìkòkò, oró ń bẹ níbẹ̀.

Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó jẹ ìrẹsì díndín láwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà kan ń bì. Nígbà tí wọ́n tọ pinpin ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n rí i pé ṣe ni wọ́n se ìrẹsì púpọ̀ lálẹ́, tí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú yàrá di ọjọ́ kejì, torí wọn ò fẹ́ kó di kùlà nínú fíríìjì, tí wọ́n wá dín in gbàrà báyìí fún oníbàárà. Ìrẹsì tó tutù dáa fún díndín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó sùn síta.

Ẹ wá wo tiwa. Agogo márùn-ún ìdájí làwọn alásè ti dín ìrẹsì àríyá tán. Wọ́n rọ ọ́ sínú kúlà ńlá, wọ́n dé e. Agogo méjì ọ̀sán kí wọ́n tó pín in. Ó ṣẹ́ kù, ìyá ìyàwó di tiẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì, iná mànàmáná ò sí. Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e gbóná fáwọn ọmọ. Ọ̀sán ò tíì pọ́n táwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n sì ní ẹlẹ́nìní ló bu nǹkan sí i. Kò sí ẹlẹ́nìní kankan níbẹ̀! Àkókò ló ṣe é.

Òfin ibẹ̀ ò le. Ìrẹsì tó ti jinná ò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan ti tó. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, tó ń ru èéfín. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀, ẹ má dé e mọ́ inú ìkòkò ńlá, ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kó lè tètè tutù, kẹ́ ẹ wá gbé e sínú fíríìjì. Bí fíríìjì ò bá sí tàbí tí iná ò dúró, ẹ se èyí tí ilé máa jẹ tán. Ẹ gbé e gbóná lẹ́ẹ̀kan péré. Èyí tó bá sun ìta, ẹ dà á nù, ẹ má fún ọmọ, ẹ má fún alágbe.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Láàárín wákàtí mẹ́fà ni èébì máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ohun tó ń wu ọmọdé léwu ni omi tó ń tán lára. Ẹ wá lítà kan omi mímọ́, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò ga lórí sí i, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá rẹ̀ tí kò lè mu mọ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn aládùúgbò, ilé ìwòsàn yá.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍLÉ, LÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ

Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, dẹ́ríkà ìrẹsì kan tó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá fi omi ẹran, kọ́rì àti táìmù díẹ̀ sè é títí omi á fi gbẹ, ṣùgbọ́n kó má rọ̀ jù, kí horo máa dá dúró. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kí ooru ara ẹ̀ jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà tútù eléwé gígùn àti ẹ̀dọ̀ ẹran.

Ẹ gbé agbada kaná kó gbóná dáadáa. Òróró díẹ̀, àlùbọ́sà, aáyù, lẹ́yìn náà ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà kárọ́ọ̀tì. Ẹ má jẹ́ kó rọ̀. Ìrẹsì ló kàn, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló ń se àsáró. Iná líle, ọwọ́ yíyá, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn bí ará Indonéṣíà láìra ìgò kankan, ẹ rántí lẹ́ẹ̀ edé tá a ní ká máa rántí. Edé gbígbẹ ń bẹ lọ́jà wa, irú náà ń bẹ. Ẹ lọ edé ṣíbí méjì, ẹ fi irú wóóró ṣíbí kan, ata rodo, aáyù àti àlùbọ́sà kún un, ẹ dín in nínú òróró títí òórùn rẹ̀ á fi pe aládùúgbò. Ẹ da ìrẹsì lé e, ẹ rò ó. Ẹ dín ẹyin, ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí, ẹ gé kùkúḿbà tẹ́ ẹ ti bó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e fún àlejò nílẹ̀ wọn nìyẹn, ẹyin lórí, kùkúḿbà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí owó ẹran bá wọ́n, wàrà sóyà ń bẹ, èyí táwọn Hausa ń pè ní àwàrà. Ẹ̀wà sóyà kì í ṣe àlejò tuntun lọ́dọ̀ wa o. Lọ́dún 1908 tí Ikeda rí gulutaméètì yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbin sóyà wò ní Moor Plantation n'Íbàdàn. Wọ́n á lọ sóyà, wọ́n á sẹ́ ẹ bí ògì, wọ́n á sè é, wọ́n á fi omi ògì kíkan mú un dì. Ohun kan náà ni ará Ṣáínà ń pè ní tófù. Ẹ gé e, ẹ dín in kó pọ́n, ẹ dà á sínú ìrẹsì. Ọmọ tó ń dàgbà á rí ohun tó ń kọ́ ara.

SÀLÁÀDÌ TÍ KÒ NÍ DÁ INÚ RÚ

Bí àkókò ṣe jẹ́ fún ìrẹsì ni omi ṣe jẹ́ fún sàláàdì. Ewé tútù kì í rí iná. Ohun tí omi bá gbé sí i lára, ẹnu ló ń lọ. Bí wọ́n bá fi omi gọ́tà bomi rin ọgbà, bí ọlọ́jà bá fi omi kòtò wọ́n létúùsì kó má baà rọ, ibẹ̀ ni kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù ti ń wọlé.

Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá ti bu iyọ̀ sómi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Iyọ̀ lè lé ìdin àti kòkòrò tó fojú hàn, kò lè pa èyí tí ojú ò rí. Ẹ já ewé òde kábéèjì sọnù. Ẹ tú ewé létúùsì níkọ̀ọ̀kan, ẹ fọ ọ́ lábẹ́ omi mímọ́ tó ń ṣàn láti inú kẹ́tù, kì í ṣe inú bàsíà kan tí gbogbo ìdọ̀tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ bó kárọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà. Ọ̀bẹ àti pákó tẹ́ ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ má fi gé sàláàdì láì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Kíríìmù, ẹyin sísè, sadíìnì àti ẹ̀wà inú agolo, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an ni kẹ́ ẹ tó dà wọ́n sí i. Sàláàdì tí wọ́n pò láàárọ̀ tó di ìrọ̀lẹ́ nínú oòrùn, kì í ṣe oúnjẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ilé rẹ̀ ò dá lójú, ṣé kó wá máa wo sàláàdì lókèèrè ni? Rárá o! Ibí gan-an ni ọgbọ́n Éṣíà ti wúlò jù. Àwọn ará Indonéṣíà ní sàláàdì kan tó ń jẹ́ gado-gado. Púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ inú ẹ̀ ni wọ́n máa ń bọ̀ nínú omi híhó, kì í rọ̀, ó ṣì ń dún nínú eyín. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n ń dà lé e, dípò kíríìmù. Ẹ̀pà! Ṣé a máa rìn jìnnà ká tó rí ẹ̀pà ni?

Ẹ gbé omi kaná kó hó yaya. Ẹ da kábéèjì tẹ́ ẹ ti fọ̀, tẹ́ ẹ sì ti rẹ́ sí i, ká tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ kó o jáde. Kárọ́ọ̀tì, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀wà tútù eléwé gígùn á pẹ́ jù wọ́n lọ, kó jinná dénú. Ẹ se ẹyin kó le, ẹ là á sí méjì. Ẹ dín wàrà sóyà. Ẹ wá yan ẹ̀pà ife kan, ẹ ṣa èyí tó hu tàbí tó dúdú dànù, nítorí oró ń bẹ nínú ẹ̀pà tó bu. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú aáyù méjì, ata rodo kan, iyọ̀ fínnífínní àti ṣúgà díẹ̀. Ẹ pò ó pẹ̀lú omi gbígbóná títí á fi ki bí ògì. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi àjàgbọn mú un kan, tẹ́ ẹ bá rí àjàgbọn, kò burú. Bí kò bá sí, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ to ẹ̀fọ́ sórí àwo, ẹ da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ èyí lẹ́ẹ̀kan, á bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tóun ń náwó sórí ìgò kíríìmù lóṣooṣù.

Ó DỌWỌ́ YÍN

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oúnjẹ, orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Ìrẹsì àná kan tó bá dá oníbàárà mẹ́wàá dùbúlẹ̀, ó lè ti ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ fi ogún ọdún kọ́ pa. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń palẹ̀ fúrídọ́ọ̀mù mọ́, ẹ bi alásè léèrè aago tó máa dín ìrẹsì, bẹ́ ẹ ṣe ń bi í léèrè iye tó máa gbà. Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ má tijú láti da oúnjẹ tó sun ìta nù. Owó ìrẹsì dẹ́ríkà kan ò tó owó káàdì nílé ìwòsàn.

Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò ní ọgbọ́n, ìṣẹ́ míì ló ń bí. A kọ́ ọgbọ́n gbágùúdá, a sì ń jẹ gàárì lónìí láìfòyà. Ti ìrẹsì díndín àti sàláàdì ò le tó bẹ́ẹ̀ rárá: ẹ ṣọ́ omi, ẹ ṣọ́ àkókò, ẹ dín iyọ̀, ẹ má fojú di irú.

Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ o. Ẹni tó bá ti fi irú dín ìrẹsì, tàbí tó mọ ọ̀nà míì tí sàláàdì fi lè mọ́ nílé tí kò ní omi ẹ̀rọ, kó mú kálámù, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ káwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lè rí i kà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.